Ọgbẹ́ Ni Kìnnìún Ń Sá Fún

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì níwájú àwọn ọdẹ, àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo tún un kọ kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ lè rí i kà.

Ẹ̀yin bàbá wa ọlọ́dẹ, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná ìyá mi. Ìyá mi ní ológbò kan, abo, dúdú, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Bí eku kékeré bá ta jáde lábẹ́ igi ìdáná, kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti bẹ́ mọ́ ọn, ó ti gbé e há ẹnu, ó ń gbé e ṣeré kiri àgbàlá. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan, òkété wọlé wá síbi tí iṣu wà. Mo di àtùpà mú lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò. Ológbò náà ba, ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Òkété kọjú sí i, ó wú, ó ń pa eyín keke. Ológbò kò mira. Ìgbà tí òkété yí ẹ̀yìn padà pé kí òun gba ihò ara ògiri jáde ni ológbò tó fò, ẹ̀yìn ọrùn ló sì lọ tààrà. Òkété yíra padà láti bù ú jẹ. Kíá, ológbò ti jù ú sílẹ̀, ó ti fò sẹ́yìn, ó tún ti ba. Òkété wọ ihò lọ ní tirẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ojo ni ológbò yìí."

Bàbá mi ń nu ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Kì í ṣe ojo. Ó mọ ohun tí eyín òkété lè fi òun ṣe ni."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, inú gbólóhùn bàbá mi yẹn ló wà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí orúkọ. Ẹkùn tí àwọn baba wa mọ̀ ní igbó Èkìtì, ẹranko tí àmì dúdú róbótó-róbótó wà lára rẹ̀ ni. Nínú ìwé àwọn ọmọ wa, ẹranko onílà ni wọ́n máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà "ẹkùn". Ó máa ń dùn mí, torí onílà yẹn kò sí nínú igbó Áfíríkà kankan, Éṣíà ni ilé rẹ̀. Èmi á máa pè é ní ẹkùn onílà. Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá fi sọ ẹ̀ṣọ́ wọn lórúkọ ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìdílé yìí náà ni a ti yá orúkọ rẹ̀.

A máa ń fi ẹkùn àti kìnnìún kí ọba, a máa ń fi wọ́n kí jagunjagun, nítorí a gbà pé wọn kò mọ ìbẹ̀rù. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní bíọ́lọ́jì, mo sì ti dé ibi tí mo ti gbà pé a ṣì wọ́n mọ̀. Ẹ rò ó wò. Ẹran tó ń jẹ koríko, bí ẹsẹ̀ kan bá rọ, á máa jẹ níbi tó dúró sí. Koríko kì í sá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kìnnìún ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó lè sáré, òmíràn tún ní ìwo. Kìnnìún tí párì rẹ̀ bá ṣẹ́, tí ìwo bá wọ̀ ní itan, àfi bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá jẹ́ kó bá wọn jẹ nínú tiwọn, ebi ló máa pa á. Ohun tó mú kí ó máa yọ́ rìn nìyẹn, ohun tó mú kí ó máa yan ẹran nìyẹn, ohun tó mú kí ó máa wá ẹlẹgbẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé yíyọ́ ẹkùn, ti ojo kọ́. Ohun tí mo fi kún un ni pé ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìbẹ̀rù ọgbẹ́, ìbẹ̀rù yẹn ló sì sọ ọ́ di ọ̀gá ọdẹ.

Ẹ wo ara tí Ọlọ́run fún kìnnìún. Akọ rẹ̀ máa ń wọn kílò 150 sí 250, abo ń wọn 120 sí 180. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ọkàn abo kìnnìún kéré: kò ju bí ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ti ìkookò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Ìdí nìyí tí ìkookò fi lè lé ẹran jìnnà, tí kìnnìún kò sì lè ṣe é. Eré kìnnìún le, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ tó so ẹ̀rọ mọ́ ọrùn kìnnìún àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ní Botswana tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Agbára iṣan kìnnìún fi ìdá 20 nínú 100 ju ti ẹran tó ń lé lọ. Bó ṣe ń gbéra eré fi ìdá 37 jù ú. Bó ṣe ń dáwọ́ eré dúró lójijì, ìdá 72. Ẹran sì rí ọgbọ́n dá sí i: kì í sá tagbára-tagbára, á dín eré kù díẹ̀, á wá yà bàrá nígbà tí èékánná bá fẹ́ kàn án. Ẹni tó bá ti lé adìẹ ìbílẹ̀ lágbàálá rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà kìnnìún gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹran kó tó gbéra. George Schaller, onímọ̀ nípa ẹranko tó gbé láàárín kìnnìún ní Serengeti, ilẹ̀ Tanzania, láti 1966 di 1969, rí i pé èyí tó dá ọdẹ ṣe kì í rí ẹran pa ju bí ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà mẹ́fà. Bí wọ́n bá pé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ ò rí i pé àní nígbà tí wọ́n bá pọ̀, òfo ni wọ́n ń bọ́ sí jù.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á pé Schaller ní kìnnìún kì í ka afẹ́fẹ́ sí. Mo rí i bí ẹ̀yin ọlọ́dẹ ṣe ń mi orí. Bàbá mi kì í wọ igbó láìdi eérú sínú àkísà kékeré kan. Tó bá ku díẹ̀ kó dé ibi tí ẹran wà, á fi ọmọ ìka méjì bù ú, á jẹ́ kó bọ́, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Bó bá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹran, a óò yí gbogbo òkè náà po kí a tó tún súnmọ́ ọn. Mo ti bá a yí òkè kan po láàárín Ìsẹ̀ àti Ẹmùré rí títí ilẹ̀ fi mọ́. Kìnnìún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe kòńgẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń ti ọ̀dọ̀ ẹran bọ̀, á rí i pa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹran á gbóòórùn rẹ̀, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú èyí, bàbá mi ju kìnnìún lọ, mo sì sọ ọ́ láìtijú.

Ṣùgbọ́n òkùnkùn, kìnnìún mọ̀ ọ́n lò. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú wọn tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òun lẹ rí tó ń kọ mọ̀nà nínú iná kábáàdì. Alẹ́ tí kò sí òṣùpá ni wọ́n ń jẹun jù. Ní Tanzania, láàárín 1988 sí 2009, kìnnìún kọlu ènìyàn tó lé ní 1,000. Craig Packer, onímọ̀ nípa kìnnìún, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ọjọ́ ìkọlù wọ̀nyí mọ́ ojú òṣùpá, wọ́n sì rí i pé àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú ló burú jù, ní wákàtí tí ilẹ̀ ti ṣú ṣùgbọ́n tí òṣùpá kò tíì yọ. Ebi ti pa wọ́n ní alẹ́ tí ibi gbogbo mọ́lẹ̀, wọ́n wá rí òkùnkùn.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹfọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó sí. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ orúkọ ìlú Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹranko yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ẹfọ̀n igbó tiwa kéré, bíi kílò 300. Ẹfọ̀n pápá ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà lè wọn kílò 500 sí 900, ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún abo kìnnìún. Ìwo rẹ̀ pàdé níwájú orí, ó le bí àpáta. Ẹfọ̀n kì í sì í gbàgbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ké, agbo á yí padà, wọ́n á rọ́ lu kìnnìún, wọ́n a sì máa pa á. Wọ́n ti lé kìnnìún gun igi rí.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń pa á? Àkọ́kọ́, wọ́n ń yan án. Akọ àgbà tó ti kúrò nínú agbo, tó ń dá jẹ létí odò, òun ni ojú wọn máa ń wà lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ agbo ni, wọ́n á tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Wọn ò jà, wọ́n kàn ń jẹ́ kí ẹfọ̀n mọ̀ pé àwọn ń bẹ lẹ́yìn. Bí agbo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, aláìsàn á gbẹ́yìn, ọmọ á já kúrò lára ìyá. Ìgbà yẹn ni wọ́n á ti ẹ̀yìn fò mọ́ ọn. Mo ní ẹ̀yìn, kì í ṣe iwájú. Ọ̀kan á fi èékánná kọ́ ìbàdí, á fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ fà á sílẹ̀. Òmíràn á gun ẹ̀yìn. Ẹfọ̀n á máa yí, ìwo á máa wá wọn kiri. Bí orúnkún rẹ̀ bá yẹ̀, tí ó ṣubú, ìgbà yẹn ni ẹnìkan á tó sáré lọ sí ibi orí.

Ẹ fojú inú wò ó dáadáa. Ọrùn ẹfọ̀n nípọn débi pé eyín gígùn mẹ́rin ẹnu kìnnìún kò lè dé ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹran kékeré ni wọ́n ń bù jẹ lẹ́yìn ọrùn tó fi ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹfọ̀n, kìnnìún á fi ẹnu ká gbogbo imú àti ẹnu rẹ̀ pọ̀, á pa á dé bí ẹni pa ìdérí ìkòkò dé, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Tàbí kó gbá a ní gògóńgò mú, kó pa ọ̀nà èémí dé. Kì í fà á ya, kì í gbọn orí, dídìmú ni. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí èémí tó pin. Ní gbogbo àkókò yẹn, ibi tí kìnnìún gbé ara rẹ̀ sí ni kí ẹ wò: ẹ̀yìn ẹran ló máa ń wà, níbi tí pátákò kò lè dé, tí ìwo kò lè yí kàn. Bí ẹ bá fi àwòrán rẹ̀ han ọmọdé, ojú eyín ló máa ń lọ. Èmi, ibi tí ẹsẹ̀ kìnnìún wà ni mo máa ń wò.

Iṣẹ́ yìí tún wúwo débi pé akọ máa ń wá síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀lẹ ni akọ kìnnìún, pé abo ló ń ṣọdẹ fún un jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2013 láti ọgbà ẹranko Kruger ní South Africa, akọ ń dá ọdẹ tirẹ̀ ṣe dáadáa. Inú igbó dídí ló ti ń lúgọ, níbi tí ojú ènìyàn kò ti tó o. Níbi ẹfọ̀n, ìwọ̀n ara akọ ni wọ́n nílò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìmọ̀ yìí. Ní ọdún 1991, David Scheel àti Packer tẹ ohun tí wọ́n rí ní Serengeti jáde. Bó bá jẹ́ ìmàdò ni abo kìnnìún kan ń lé, àwọn tó kù sábà máa ń jókòó, wọ́n á máa wòran. Ẹran tó rọrùn ni, ẹnìkan tó o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹfọ̀n, gbogbo wọn á dìde. Ewu ẹran ló ń pe wọ́n jọ. Philip Stander náà ka ọdẹ 486 tí kìnnìún jọ ṣe ní Etosha, ilẹ̀ Namibia, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992. Ó rí i pé oníkálukú ní àyè tirẹ̀. Àwọn kan máa ń gba apá ọ̀tún tàbí apá òsì yí ẹran po, àwọn kan á lúgọ sí àárín. Bí oníkálukú bá wà ní àyè tó mọ́ ọn lára, wọ́n ń rí ẹran pa jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọdẹ àjọṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn rí, tí àwọn kan ń lé ẹran bọ̀, tí àwọn kan ba lójú ọ̀nà, ṣé ẹ rí i pé ọgbọ́n kan náà ni?

Ní Savuti, nínú ọgbà Chobe ní Botswana, wọ́n gbé e kọjá ẹfọ̀n. Láàárín 1993 sí 1996, Dereck Joubert ka erin 74 tí kìnnìún pa níbẹ̀. Agbo kìnnìún náà máa ń tó 30. Òru ni wọ́n fi ń ṣe é, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi kò sí níbi púpọ̀ tí erin sì gbọ́dọ̀ wá mu. Púpọ̀ nínú àwọn erin náà kò tíì gbó. Erin àgbà tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń yà fún un ni.

Ẹkùn kò ní agbo. Òun nìkan ni, kílò 30 sí 70 lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ó ń mú ẹran mọ níwọ̀n: ẹtu, ìgalà, ọ̀bọ. Á yọ́ títí yóò fi ku mítà díẹ̀, á bẹ́ lé e, á di ọ̀fun mú. Lẹ́yìn náà á wọ́ ẹran gun igi kí kìnnìún tàbí ìkookò má baà gbà á. Ẹkùn onílà ilẹ̀ Íńdíà náà ń dá ṣe é, ṣùgbọ́n ó tóbi débi tó lè kojú màlúù igbó tó wọn tọ́ọ̀nù kan. Ó lè gbìyànjú ìgbà mẹ́wàá tàbí ogún kó tó rí ẹyọ kan pa. Ti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní jaguar, yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ní Pantanal, ilẹ̀ Brazil, inú omi ló ti ń mú irú ọ̀nì kan, ẹ̀yìn orí ló sì ń bù jẹ, eyín rẹ̀ á wọ agbárí. Bó bá jẹ́ ọ̀fun ló dìmú, ẹnu ọ̀nì á ráyè ṣiṣẹ́.

Tí ọgbẹ́ bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ní 1898, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà rélùwéè ní Tsavo, ilẹ̀ Kenya, akọ kìnnìún méjì ń pa òṣìṣẹ́ jẹ títí John Patterson, ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, fi yìnbọn pa wọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Agbárí wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Chicago. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé eyín gígùn ọ̀kan nínú wọn ti ṣẹ́, ìdí rẹ̀ sì ti di egbò tó ní ọyún. Eyín tó ń roni kò lè di ọ̀fun ẹfọ̀n mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ènìyàn kò ní ìwo, kò ní pátákò. Bàbá mi náà ní àpá gígùn kan ní itan òsì, túùkú tó yìnbọn fún tí kò kú ló fi eyín là á. Oṣù mẹ́ta ni kò fi lè wọ igbó. Iṣu ìyá mi ni gbogbo wa jẹ ní oṣù mẹ́ta yẹn. Kìnnìún kò ní oko.

Kìnnìún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí Philipp Henschel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2014, wọ́n ní gbogbo wọn láti Senegal títí dé Nàìjíríà jẹ́ bí 400, ibi méjì péré ni wọ́n sì kù sí ní ilẹ̀ wa: Yankari ní Bauchi, àti ọgbà Adágún Kainji. Agbo wọn ní agbègbè yìí sì kéré, wọn kì í pọ̀ bíi ti Serengeti. Ọmọ kìnnìún máa ń tó bí oṣù mọ́kànlá kó tó bá wọn jáde ọdẹ, ó sì tó ọdún méjì kó tó lè bọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ló ń wò kọ́ ibi tí kìnnìún ń gbé ẹsẹ̀ sí lára ẹfọ̀n. Ẹni tó bá pa àgbàlagbà méjì nínú agbo mẹ́rin, ó ti sun ilé-ẹ̀kọ́ wọn níná. Èyí ń bà mí nínú jẹ́ gidigidi, n kò sì lè fi bò fún yín.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá àgbà kan láàárín àwọn ọlọ́dẹ dìde, ó ní, "Olùkọ́, ṣé o ti fojú ara rẹ rí ẹsẹ̀ ẹkùn rí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá." Mo bẹ̀ wọ́n kí a jáde sí ìta, sí ibi tí iyanrìn wà. Àwọn ọmọ yí wa ká. Mo sọ fún wọn bí bàbá mi ṣe dá mi dúró létí odò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ní kí n tẹ́ ọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ ipasẹ̀ kan. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ iyanrìn fún ìtẹ̀lẹ̀ ẹsẹ̀, mo fi ìka tẹ àmì róbótó mẹ́rin sókè rẹ̀. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ gbàgbé èékánná. Ẹsẹ̀ ajá máa ń ní."

Mo ní n kò gbàgbé. Ajá ń fi tirẹ̀ gbálẹ̀ lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi kújú. Ti ẹkùn wà nínú àkọ̀ nígbà tó ń rìn, kì í yọ ọ́ síta àfi ní ọjọ́ tó bá fẹ́ dìmú. Bàbá ọlọ́dẹ náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dìde.